Bí Ojú Bá Wà Lára Rẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ó ti jáde. Àjọ tó ń fowó ran àwọn tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé nínú sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ṣílẹ̀kùn lónìí. Owó ilé-ìwé, owó ilé, owó oúnjẹ, owó ohun èlò láàbù, títí èèyàn yóò fi parí. Mo kà á láàárọ̀, mo kà á lọ́sàn-án, mo tún kà á nígbà tí mo ń dúró kí omi hó. Kò tíì yí padà. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò mú láti láàbù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sì ti pé ọgbọ̀n ọdún, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú.

Oṣù kọkànlá ni èmi yóò pé ọgbọ̀n. Ọdún yìí ni, àbí kó má sí mọ́.

Mo sọ fún Àǹtí mi. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé, aṣọ ni wọ́n ń rán. Wọn kò tiẹ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. Wọ́n ní ọ̀fẹ́ wo ló wà láyé yìí tí ẹnì kan kò ní padà wá gbowó rẹ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí ọkọ wọn bá mi wá sí iléeṣẹ́ ọ̀dà ṣì wà ńlẹ̀, àwọn yẹn kò sì ní dúró dè mí títí ayé. Wọ́n wá fi kún un pé ìfura loògùn àgbà. Bí ẹni pé mo nílò kí wọ́n rán mi létí. Bí wọ́n bá ń fi ìfura gboyè ni, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n tipẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Jẹ́jẹ́ náà ti rí i.

Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, nítorí ohùn rẹ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọmọ kan ń sùn nítòsí rẹ̀. Àwa méjì la kù ní láàbù: èmi ń fi amọ̀ sísun ṣe asẹ́ tó ń gba májèlé inú omi kànga, òun ń ṣe bátìrì oníyọ̀. Ìléru kan ṣoṣo la ní tó ń gbóná dáadáa, a sì jọ ń lò ó.

Mo wọlé, ó ń ka nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, ó yára pa á dé. Ó bi mí bóyá mo ti gbọ́ nípa owó ẹ̀kọ́ náà. Mo ní èwo? Ó wò mí. Mo wò ó. A jọ mọ̀ pé mo mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó gbé èsì àdánwò rẹ̀ wá síwájú mi bó ṣe máa ń ṣe, ó ní kí n bá òun wò ó bóyá àṣìṣe wà níbẹ̀. Mo rí méjì. Ó dúpẹ́. Kí ló dé tó fi máa ń gbé e wá? Ó dájú pé ó fẹ́ kí n gbé tèmi náà jáde ni. Kò ní rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ó yẹ kí n mọ ìdí tó fi jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ dé. Lónìí mo kúrò nílé kí Àǹtí mi tó jí, mo ní n ó ṣáájú rẹ̀. Mo dé, iná ti tàn, fèrèsé ti ṣí, ó ti jókòó. Awo tí mo to amọ̀ mi sí kò sí níbi tí mo gbé e sí lánàá. Ó ti sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo bi í pé ta ló fọwọ́ kan ẹrù mi. Ó ní òjò fẹ́ ta sí i láti ojú fèrèsé ni òun ṣe gbé e kúrò.

Òjò rọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òru ni òjò yẹn rọ̀. Mo gbọ́ ọ lórí páànù wa. Kí ló ń ṣe ní láàbù lóru?

Àbí irọ́ ló ń pa. Mo tún amọ̀ náà kà. Ó pé. Mo tún un wọ̀n. Kò yí padà. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú: olè tí kò mú nǹkan, kí ló wá wò?

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Ọ̀gá pe àwa méjèèjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù. Orí ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní “ó”, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Bó-bá-dọ̀la ni mo sọ ọ́, nítorí kò sí iṣẹ́ tí kì í tì síwájú. Béèrè kẹ́míkà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá dọ̀la. Sọ fún un pé iná fẹ́ jó ilé, bó bá dọ̀la.

Àjọ náà fẹ́ lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọwọ́ ọ̀gá láàbù. Ẹni tí wọ́n kọ ọ́ nípa rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀gá yìí kì í kọ lẹ́tà. Ìwọ ni yóò kọ tìrẹ, òun yóò fọwọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn kí n tó dé, kò sẹ́ni tó ń tijú rẹ̀. Àmọ́ lọ́dún tó kọjá ẹnì kan pe ara rẹ̀ ní ìràwọ̀ tí irú rẹ̀ kò yọ rí, ọ̀gá fọwọ́ sí i láìkà á, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún fi parí. Nítorí náà ó ti dá ọgbọ́n tuntun. Ó nàka sí mi, ó ní kí n kọ ti Jẹ́jẹ́. Ó nàka sí Jẹ́jẹ́, ó ní kó kọ tèmi. Ó ní kò sẹ́ni tó lè yin ẹlòmíì ní àyìnjù. Kí méjèèjì dé ọwọ́ òun kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Ipò kan ṣoṣo ni àwa méjèèjì ń dù. Bí ẹni ní kí adìẹ méjì tó ń du hóró àgbàdo kan máa bù ú fún ara wọn.

Jẹ́jẹ́ ní, “Ó dáa, sà.” Kò tiẹ̀ rò ó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Kí ni yóò kọ nípa mi?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Àǹtí mi ní kí n wá ọ̀nà rí tirẹ̀ kí n tó kọ tèmi. Mo ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ṣé ọmọ dáadáa ni? Mo ní ó dà bíi pé ọmọ dáadáa ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run.

Iléeṣẹ́ ọ̀dà fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu mi kí oṣù kẹrin tó dá sí méjì. Èmi nínú aṣọ buluu, tí n ó máa po ọ̀dà ògiri títí irun mi yóò fi funfun. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kànga abúlé ìyá mi ṣì ní májèlé nínú, mo sì mọ amọ̀ tó lè gbà á.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Màmá Ọ́fíìsì, tí wọ́n ń bá ọ̀gá tẹ lẹ́tà, pè mí wọlé. Wọ́n ní kí n má fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí ṣe àìsàn. Wọ́n ní ọ̀gá yìí ti fi lẹ́tà ẹnì kan ránṣẹ́ fún ẹlòmíì rí, orúkọ ló kàn ní kí àwọn yí padà. Bí ọmọ tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì ṣe di ògbóǹtarìgì nínú ọ̀rọ̀ ẹja nìyẹn, wọ́n sì gbà á síbẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn.

Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu mi. Wọ́n ní Jẹ́jẹ́ ti wá bá àwọn ní àárọ̀, ó ń béèrè nípa mi. Ọdún wo ni mo dé. Àdánwò wo ló kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Èyí tó bàjẹ́! Ó ń kó ẹ̀sùn jọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ó bi mí, pẹ̀lú ohùn ọmọ-ń-sùn yẹn, pé ọjọ́ wo ni mo máa ń pẹ́ jù ní láàbù. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe? Ó ní kò sí, òun kàn ń béèrè ni.

Mo tún rí kọ́kọ́rọ́ kan lọ́rùn rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù ni. Mo mọ̀ ọ́n, orí rẹ̀ ni wọ́n kùn ní pupa. Kí lèèyàn ń kó pamọ́ sáàárín páálí òfìfo àti ẹ̀rọ tó ti kú? Omi ń bẹ lámù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo kọ lẹ́tà náà, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́. Mo kọ pé nígbà tí bátìrì tó fi odindi ọdún ṣe bẹ́ lójú rẹ̀, ó gbá ilẹ̀, ó fọ tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an. Òótọ́ ni. Mo rí i. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ó dùn ún kà. Ó dùn jù. Ẹni tó bá ka èyí, ta ni yóò tún mú èmi?

Mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Kò gùn. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀, mo lè búra. Ó ń dé ní àsìkò. Ó mọ ẹ̀rọ lò. Lẹ́yìn náà ni mo fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: “Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára bí ojú bá wà lára rẹ̀.”

N kò sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára. Ẹni tó bá kà á ni yóò bi ara rẹ̀ pé bí ojú kò bá sí ńkọ́.

Oorun wù mí. Kò wá.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún



Mo fi ilé sílẹ̀ ní ìdájí, torí pé mo fẹ́ mú un níbi tó ti ń ṣe ohun tó ń ṣe. Ilẹ̀kùn yàrá ẹrù ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Mo tì í. Ẹní wà nílẹ̀ láàárín àwọn páálí. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì kọ́ sórí páìpù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wà nínú ife gíláàsì tí a fi ń wọn omi. Jẹ́jẹ́ dúró nídìí ọpọ́n ìfọwọ́, ọṣẹ bò ó lójú, kò lè ríran. Ó ní, “Ta nìyẹn?” Ohùn rẹ̀ ga. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ga.

Onílé rẹ̀ ta ilé láti oṣù kìíní, wọ́n sì lé gbogbo wọn jáde. Láti ìgbà náà ló ti ń sùn níbí. Ìdí nìyẹn tó fi ń kọ́kọ́ dé: kì í lọ. Ìdí nìyẹn tó fi mọ̀ pé òjò ń ta sí amọ̀ mi. Ilé ló ń wá lórí kọ̀ǹpútà tó ń pa dé. Ó ní òun bi mí ọjọ́ tí mo máa ń pẹ́ kí òun lè mọ ìgbà tí òun lè na ẹ̀yìn. Ó bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ̀gá. Mo ní n kò ní sọ. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀, òun náà kò lè wo tèmi, oníkálukú sì ní ìdí tirẹ̀.

Bí ọ̀gá ṣe dé, mo sáré lọ bá a. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, sà, mo fẹ́ tún lẹ́tà yẹn kọ. Bó-bá-dọ̀la gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Mo ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa ń rò pé mo ń fi nǹkan falẹ̀.”

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò ṣe nǹkan lásìkò rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo nílò ọ̀la rẹ̀, ó ti ṣe é níjẹta.

Ó tún pè mí padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní èyí tí mo kọ wu òun gan-an, ó ṣe ṣókí. Ó ní ti Jẹ́jẹ́ ti gùn jù. Mo ní ẹ ṣé, sà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, wọ́n sì tún ń yìn mí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń jù ú.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

N kò tíì sọ fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Wọ́n pe àwa méjèèjì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọjọ́bọ̀.

Inú mi dùn, inú mi sì tún bàjẹ́. Lẹ́tà tí mo kọ yẹn, wọ́n sì tún pè é? Bóyá wọn kò kà á. Bóyá wọ́n kà á, tí wọ́n sì fẹ́ bi í. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí àwọn náà.

Lọ́sàn-án Jẹ́jẹ́ ra búrẹ́dì, ó pín in sí méjì. N kò lè jẹ tèmi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Yàrá funfun, tábìlì gígùn, èèyàn mẹ́ta. Àwọn ọkùnrin méjì bi mí nípa amọ̀, mo dáhùn, mo rí i pé wọ́n ń mi orí. Ara mi balẹ̀. Obìnrin tó wà láàárín wá gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó mú ìwé kan. Ó ní ohun kan wà nínú lẹ́tà ọ̀gá mi tó fẹ́ kí n tan ìmọ́lẹ̀ sí. Ó kà á jáde: “Iṣẹ́ rẹ̀ máa ń dára bí ojú bá wà lára rẹ̀.”

Mo mọ ohùn ara mi.

Mo rò pé wọ́n ṣi ìwé mú. Mo na ọrùn. Orúkọ mi ló wà lókè. Ó bi mí pé, “Kí lẹ rí sí i?”

Mo ní irọ́ ni. Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ mí rárá.

Ó yọ awò. “Ọ̀gá yín ló kọ ọ́. Ṣé ọ̀gá yín kò mọ̀ yín ni?”

Bí mo bá ní òun kọ́ ló kọ ọ́, wọn yóò bi mí pé ta ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Jẹ́jẹ́ wọlé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń wo bàtà mi. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, a rìn títí dé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ pé wọ́n ka gbólóhùn kan sí òun létí. Ó kà á fún mi, láìṣìnà, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́ yẹn.

Mo bi í pé kí ló sọ.

“Mo ní òótọ́ ni. Mo ní ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gbé èsì mi lọ síwájú ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù ní láàbù kó tó jáde. Mo ní ẹni náà wà níta.”

Ọkọ̀ dé. Kò wò mí bó ṣe ń wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Màmá Ọ́fíìsì jẹ́wọ́ láìjẹ́ pé mo fi agbára bi wọ́n. Ọ̀gá ní lẹ́tà kan ti tó fún èèyàn méjì, kí àwọn mú èyí tó kúrú, kí àwọn yí orúkọ. Ó ní àwọn méjèèjì ń ṣe dáadáa bí òun bá ń wò wọ́n, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Kò wò wá rí.

Mo bi wọ́n pé èyí tó gùn náà ńkọ́. Wọ́n ní ọ̀gá ti ní kí àwọn pa á rẹ́. Wọ́n ti ka díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó pa á rẹ́. Jẹ́jẹ́ kọ nípa ọdún tí gbogbo amọ̀ mi là nínú ìléru, tí mo lọ wa òmíràn wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, tí n kò bá ẹnikẹ́ni ráhùn. Wọ́n ní ìyẹn ló torí rẹ̀ wá béèrè àdánwò tó bàjẹ́.

Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò ìkà, wọ́n ní kó má gbẹ́ ẹ jìn. Èmi gbẹ́ tèmi, mo tún gbé àkàsọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Ó ṣì ń gbé èsì rẹ̀ wá síwájú mi. Ṣé kò mọ̀ ni? Ó gbọ́dọ̀ mọ̀. Òun mọ ohun tí òun kọ, ó sì mọ ẹni tó kọ tirẹ̀. Kí ló ń dúró dè?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n mú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo sọ fún Àǹtí mi pé n ó gba iṣẹ́ ọ̀dà. Wọn kò sọ pé ṣé àwọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n fi ọwọ́ nu ojú mi, mo sì sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní ta ló ṣe mí báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá

Jẹ́jẹ́ wá bá mi nídìí ìléru. Ó ní kí owó tó jáde, àjọ náà fẹ́ lẹ́tà kan sí i, láti ọwọ́ ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí lẹ́tà náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè gba ipò náà padà fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

Mo bi í pé ta ló tẹ̀ lé e.

“Ìwọ ni.”

Mo dúró kó sọ ìyókù. Ó ní, “Ìwọ ni mo fẹ́ kó kọ ọ́.”

Mo ní, “Kí n kọ kí ni?”

Ó ní, “Ohun tó o rí.”

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo wá ẹ̀tàn níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú aṣọ. Ṣé ó ń dán mi wò ni? Ṣé ó fẹ́ kí n tún gbé ara mi ṣubú ni? Àbí ó gbà mí gbọ́ lóòótọ́, èyí tó burú jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? N kò rí nǹkan kan. Ojú lásán ni, ó rẹ̀ ẹ́, irùngbọ̀n ti hù díẹ̀.

Ó ti ká ẹní rẹ̀, ó ti kó ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ méjì sínú báàgì. Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì mi. Ó ní òun ń lọ wo yàrá kan, òun yóò padà lọ́la. Ó tilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ bó ṣe ń jáde.

Ìléru ti tutù. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sókè lẹ́tà. Kò sí ojú ẹnikẹ́ni lára mi.